Àárẹ̀ Tí Kò Bá Àìsàn Lọ: Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì, Aládìrẹ Ìtokú

Aládìrẹ ni obìnrin tí mo fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ yìí, ní Ìtokú, l'Abẹ́òkúta. Ìyá Ìbejì ni màá máa pè é. Ìyá ìbejì kò wọ́n ní Ìtokú, kò sí ẹni tó máa tipa ìyẹn dá a mọ̀. Ó gbà kí n kọ ọ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí ni pé kí n má kọ ọ́ bí ẹni tó ń wá ojú àánú.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹni ọdún 47 ni nígbà tó wá bá mi ní 2023. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tó ti parí ìtọ́jú Hodgkin, ọ̀kan nínú àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, èyí tó máa ń fara hàn bíi kókó lọ́rùn, lábíyá tàbí nínú àyà. Gbogbo àyẹ̀wò tó ń ṣe láti ìgbà náà ló ń sọ pé àrùn náà kò sí lára rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tó gbé wá kò gùn: "Nọ́ọ̀sì, ó ń rẹ̀ mí. Bí mo sùn, ó ń rẹ̀ mí. Bí mi ò sùn, ó ń rẹ̀ mí."

Kí n sọ ìtàn ìtọ́jú náà díẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni ìdáhùn kan fara pamọ́ sí. Ní 2016, kókó kan yọ sí i lọ́rùn. Kò dùn ún. Ó ń làágùn lóru débi pé aṣọ ìbora á rin gbingbin, ó sì ń rù. Ikọ́ ife ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́, wọ́n sì fún un lóògùn rẹ̀. Mi ò bá wọn wí: ní ilẹ̀ wa, kókó ọrùn tó bá òógùn òru àti rírù rìn, ikọ́ ife ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n kókó náà ń tóbi sí i lábẹ́ oògùn. Ìgbà tí wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò ni wọ́n rí i pé Hodgkin ni. Ìbàdàn ló ti gba ìtọ́jú. Oògùn mẹ́rin ni wọ́n ń fà sí i lára, àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní ABVD, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀kan nínú wọn pupa bíi sóbò, ìtọ̀ rẹ̀ náà á sì pupa lọ́jọ́ náà. Títí dòní, kò lè fojú kan sóbò nínú ike. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi ìtànṣán sí i lọ́rùn àti láyà. "Iná" lòun ń pè é. Ọdún 2017 ló parí, wọ́n se sàráà, wọ́n pa ẹran, gbogbo ẹbí dúpẹ́.

Nínú àwọn oògùn wọ̀nyẹn, doxorubicin, èyí pupa yẹn, lè ba ọkàn jẹ́. Bleomycin lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìtànṣán tó gba ọrùn lè ba thyroid jẹ́, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn, tó ń darí bí gbogbo ara yòókù ṣe ń yára ṣiṣẹ́ tó. Èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, èyíkéyìí ló sì lè mú kó máa rẹ ènìyàn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bínú tí wọ́n bá kàn sọ fún irú wọn pé kí wọ́n lọ sinmi.

Mo lọ jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan kí n lè fojú ara mi rí i. Oníbàárà kan dé láti Èkó, ó fẹ́ máàrún-ún máàrún-ún oríṣi mẹ́ta. Ìyá Ìbejì dìde, ó nà án lé e, ó dá iye lé e, obìnrin náà nájà, òun náà dáhùn. Àárín ọ̀rọ̀ ni ó dákẹ́. Ó wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yíjú sí ọmọ tó ń bá a tajà: "Èló ni mo pè é lẹ́ẹ̀kan?" Kì í ṣe àwàdà. Kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì tó pe iye náà. Lẹ́yìn tí oníbàárà náà lọ, ó jókòó lórí àpótí, ó fẹ̀yìn ti ìdì aṣọ, ó sì pajú dé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù.

Ìkìjà ni ilé rẹ̀ wà. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: òkè ni, òkúta ni, àtẹ̀gùn ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń dúró kó tó délé. Kàkà kí àwọn èèyàn rí i pé ó ń dúró mí, ńṣe ló máa ń ṣe bí ẹni tó ń wo fóònù.

Oríṣiríṣi ni ohun tí wọ́n ń sọ nílé. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò fi bò: "Àìsàn ti lọ, ọ̀lẹ ló kù." Àfáà àdúgbò ṣe omi àdúrà fún un. Bàbá Ìbejì, tó ń wa bọ́ọ̀sì láti Láfẹ́ńwá, kì í sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù fún un, àmọ́ ó tẹ̀ lé mi jáde lọ́jọ́ kan, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀: "Nọ́ọ̀sì, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Ṣé nǹkan yẹn ò ti padà?" Ẹ̀rù yẹn ló ń jẹ́ kó máa kígbe mọ́ ọn tó bá ti jókòó. Bó bá ṣe ọ̀lẹ ni, ó sàn fún un ju kó jẹ́ pé jẹjẹrẹ ni.

Àwọn ọlọ́jà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní tiwọn ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un. Kì í rẹ èèyàn l'Abẹ́òkúta kí ẹnìkan máà ra oògùn ẹ̀jẹ̀ wá. Mo rí ìgò mẹ́ta tó ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí tábìlì rẹ̀.

Ìbéèrè Bàbá Ìbejì ni a kọ́kọ́ dáhùn, nítorí bí àárẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tàbí tó ṣàdédé le sí i, a kò gbọ́dọ̀ fojú fò ó. Ṣé kókó kankan tún yọ? Ṣé ó ń làágùn lóru, ṣé ibà ń wá láìnídìí, ṣé ó ń rù? Kò sí ọ̀kankan. Kódà ó ń sanra ni, ojú rẹ̀ ń wú díẹ̀ láàárọ̀, òtútù ń mú un nígbà tí ooru ń mú gbogbo wa, ìgbẹ́ kì í sì í tètè wá. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ yẹ ọrùn, abíyá àti ikùn rẹ̀ wò, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n ya àwòrán ọkàn rẹ̀: ọkàn ń fún ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò ní ìṣòro. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára. PCV rẹ̀ jẹ́ 38, tó túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn kò sì ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe lára rẹ̀.

TSH ló kọ̀. Ó ga. Nígbà tí thyroid bá ń dẹ̀ sẹ́yìn, ọpọlọ á máa pariwo mọ́ ọn pé kó ṣiṣẹ́. Ariwo yẹn ni TSH, bó bá ga, thyroid kò ṣe tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbà mí lọ́kàn nìyí, nítorí pé kì í ṣe ohun tuntun. Láti 2021 ni wọ́n ti rí i pé iná ọrùn ti kó bá thyroid rẹ̀. Wọ́n ti fún un ní levothyroxine, oògùn tó ń rọ́pò ohun tí thyroid kò ṣe mọ́. Wọ́n ti fi kún un lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé TSH kò sọ̀ kalẹ̀. Ó sì ń lò ó lójoojúmọ́. Mo ka hóró tó kù nínú páálí rẹ̀, ó pé. Ẹni tó ń lo oògùn tó pé, tí oògùn kò sì ràn án, a máa ń fẹ́ sọ pé irọ́ ló ń pa. Mo bi í léèrè bó ṣe ń lò ó.

"Tí mo bá ti kírun àárọ̀ tán ni, kí n má baà gbàgbé. Màá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀."

"Gbogbo èwo, mà?"

Ó lọ gbé e wá hàn mí: hóró levothyroxine kan, ṣíbí ńlá oògùn ẹ̀jẹ̀ kan, àti ife wàrà sóyà kan tó fi ń gbé e mì nítorí wọ́n ní ó ń fún ara lókun.

Irin ló wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀. Tí irin bá pàdé levothyroxine nínú ikùn, ó máa so mọ́ ọn, oògùn á sì gba ìdí jáde láìwọ inú ẹ̀jẹ̀. Sóyà náà ń dín bí ó ṣe ń wọlé kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn tó ní kálísíọ́ọ̀mù nínú. Inú òfo ló yẹ kí a lò ó, pẹ̀lú omi lásán, ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ, kí ohun tó ní irin tàbí kálísíọ́ọ̀mù sì jìnnà sí i tó wákàtí mẹ́rin. Ohun tí gbogbo ọjà Ìtokú fi ìfẹ́ rà fún un láti lé àárẹ̀ lọ ló ń dá àárẹ̀ náà dúró sílé. Ẹnikẹ́ni kò tíì bi í léèrè ohun tó fi ń gbé oògùn náà mì.

A kó ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò. Sóyà di ti ọ̀sán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, TSH ti ń sọ̀, kódà dókítà ní láti dín oògùn náà kù nígbà tó yá, torí iye tí wọ́n ti fi kún un ṣáájú ti wá pọ̀ jù fún ara tó ń rí i gbà. Wíwú ojú lọ. Òtútù lọ. Ìgbẹ́ ń wá. Mo ti ní kó máa fi nọ́ńbà sọ bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó, láti òdo dé mẹ́wàá, kí mẹ́wàá jẹ́ ọjọ́ tí kò lè dìde rárá. Mẹ́jọ ló sábà máa ń pè tẹ́lẹ̀. Ó di márùn-ún.

Inú Bàbá Ìbejì dùn débi pé ó lọ ra àgbò. Ìyá ọkọ pàápàá rọ̀. Ó bá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé iná tó gba ọrùn ìyàwó rẹ̀ ló jó nǹkan kan níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti pe ọ̀lẹ mọ́. Ó rí ibi tó lè fọwọ́ kàn.

Èmi ni ìyẹn kò tẹ́ lọ́rùn. Oṣù mẹ́ta kọjá, nọ́ńbà náà dúró sí márùn-ún, ó kọ̀, kò kúrò níbẹ̀. TSH ti wà níbi tó yẹ, ọkàn dára, ẹ̀jẹ̀ pé, oorun rẹ̀ kò burú. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ jáde: "Nọ́ọ̀sì, èyí tó kù yìí, ẹ ò ní rí ìdí rẹ̀, àbí?" Mo ní ó ṣeé ṣe. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ sọ fún Ìyá nísinsìnyí?"

Ọ̀pọ̀ tí mo rí ló ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan gba gbogbo àárẹ̀ bí àmúwá Ọlọ́run lẹ́yìn jẹjẹrẹ, wọn ò sì yẹ thyroid tàbí ọkàn wò títí yóò fi pẹ́ jù. Àwọn mìíràn rí ohun kan, wọ́n wò ó sàn, wọ́n wá gbà pé èyí tó kù kì í ṣe òótọ́. Apá méjì ni ọ̀rọ̀ náà, a sì ní láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Àárẹ̀ tó máa ń kù lẹ́yìn Hodgkin, àwọn dókítà ti wò ó tipẹ́. Ní Norway, wọ́n wádìí lọ́wọ́ àwọn 459 tí wọ́n ti gba ìtọ́jú rẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1999: nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 26 ló ní àárẹ̀ tó ti tó oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàárín àwọn ará ìlú yòókù, 11 ni. Norway kò ní òkè Ìkìjà, kò sì sí ìyá ọkọ tó ń pe èèyàn lọ́lẹ níbẹ̀ tí mo mọ̀. Ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo fún un ní ìwé kékeré kan. Kò fẹ́ràn ìwé, Kẹ́hìndé ló ń bá a kọ ọ́ lálaalẹ́ kó tó padà sí Pólì: ohun tó ṣe, wákàtí tó fi ṣe é, àti nọ́ńbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó hàn. Ọjọ́ tó bá jí tí nọ́ńbà jẹ́ mẹ́ta, inú rẹ̀ á dùn, á sì ṣe gbogbo iṣẹ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀: á yọ́ àbẹ́là, á tẹ bátànì, á po aró, á rẹ aṣọ, á sá a, gbogbo rẹ̀ lójú oòrùn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ọjọ́ kejì, mẹ́fà. Ọjọ́ kẹta, mẹ́jọ. Ọjọ́ kẹrin, á dùbúlẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Ìsùn ọ̀sán rẹ̀ sì máa ń tó wákàtí mẹ́ta, ìyẹn a sì jí oorun òru gbé.

Ìsùn ọ̀sán ló rọrùn jù láti tún ṣe. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, Táyé á jí i. Ó kígbe mọ́ Táyé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó wá mọ́ ọn lára.

Ìrìn náà le díẹ̀ láti ṣàlàyé. Bí mo bá sọ fún ẹni tó rẹ̀ pé kó máa rìn, ó dà bíi pé mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti dán wò fún irú àárẹ̀ yìí, eré ìdárayá wà lára àwọn tí ẹ̀rí wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù, bí a bá fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí a sì ń ṣe é léraléra, lọ́jọ́ dídára àti lọ́jọ́ tí kò dára bákan náà. Kì í ṣe orí òkè. Pápá ilé-ìwé kan wà nísàlẹ̀ tó tẹ́jú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ní ìwọ̀n tó ṣì lè máa sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ. Ó ti ń tó ọgbọ̀n báyìí, lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aró ni kò fẹ́ gbọ́. Mo ní kó fi àwo aró sílẹ̀ fún Táyé, kó sì máa tajà. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ìyá tó bí mi lọ́mọ ló kọ́ mi ní aró. Ta ni mo fẹ́ jẹ́ tí mo bá ń ta ohun tí ẹlòmíràn pa láró?" Mi ò ní ìdáhùn sí i. Mo rò pé òtítọ́ ni: wọ́n ti yọ nǹkan púpọ̀ lára obìnrin yìí, èmi náà tún dé pẹ̀lú ìwé kékeré láti yọ òmíràn.

Òun fúnra rẹ̀ ló rí ọ̀nà. Kí kàm̀páálà, adìrẹ alábẹ́là yẹn, tó gba ọjà, adìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìyá rẹ̀ ń ṣe: láfún tí a sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí á fi ki, tí a wá ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ bátànì sára aṣọ. Níbi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀. Ìjókòó ni wọ́n fi ń kọ ọ́, lábẹ́ ibòji, èèyàn sì lè dáwọ́ dúró nígbàkígbà, kí ẹ̀kọ máa gbẹ. Ó ní kí n wo ọwọ́ òun: ó ti ìyẹ́ bọ inú ẹ̀kọ, ó nù ún létí abọ́, ó sì fa ìlà mẹ́rin tó ṣe déédéé láìgbé ọwọ́ sókè. Bátànì Ìbàdàndùn ló ń kọ. Ọwọ́ yẹn kò mọ̀ pé ó rẹ olúwa rẹ̀. Táyé ló ń rẹ ẹ́ sínú aró lẹ́yìn náà, tó ń ha ẹ̀kọ kúrò, ìyá rẹ̀ á sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa pàṣẹ pé kó tún rì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹlẹ́kọ kì í yá bíi kàm̀páálà, ṣùgbọ́n owó tó ń tà á fún àwọn tó mọ iyì rẹ̀ ju ti kàm̀páálà lọ.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì 2024 mú ìbéèrè tirẹ̀ wá, torí kò sí bí yóò ṣe lo oògùn ní inú òfo láàárọ̀ nígbà tí ó ti jẹ sààrì. Dókítà gbà kó gbé e sí alẹ́, nígbà tó fẹ́ sùn, ó kéré tán wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ, ìyẹn sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó ti wá fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò gbé e padà sí àárọ̀ mọ́. Ní ti ààwẹ̀ fúnra rẹ̀, Àfáà yẹn kan náà tó ṣe omi àdúrà ló sọ fún un pé ẹni tí ara rẹ̀ kò dá ní àyè láti jẹun. Ó gba àwọn kan nínú ọjọ́ náà, ó jẹ́ kí àwọn yòókù lọ. Ìyá ọkọ kò sọ̀rọ̀.

Nígbà Iléyá ọdún náà, kò gba iṣẹ́ ju ohun tí òun àti Táyé lè ṣe láìsí àìsùn. Àwọn oníbàárà kan bínú lọ sí ìsọ̀ kejì, ó dùn ún, kò pe wọ́n padà. Ó tún ń ṣẹlẹ̀ pé nọ́ńbà á fò sókè lọ sí méje láìnídìí, pàápàá bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ti ń sún mọ́, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn. Mẹ́rin sí márùn-ún ni ibi tó ń gbé. Wọ́n ṣì ní láti máa ya àwòrán ọkàn rẹ̀ látìgbàdégbà, nítorí oògùn pupa yẹn, àti TSH náà.

Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí kì í ṣe ti ìlera. Táyé, tó ti pé ogún ọdún, ti ń béèrè iye tí wọ́n máa san fún òun lórí iṣẹ́ aró. Bàbá Ìbejì ní ọmọ kì í gbowó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá Ìbejì ní ẹni tó bá ń ṣe ìdajì iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba owó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò bá ẹlòmíràn lọ, òun á sì tún padà sídìí aró. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí èyí. Wọn ò tíì fẹnu kò.